Màmá Ti Farabalẹ̀

Láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ tán, ìyá arúgbó náà á ti di ẹrù rẹ̀. Aṣọ díẹ̀, bàtà kan, páálí kékeré tó kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, gbogbo rẹ̀ á wà nínú àpò lórí itan rẹ̀, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí èrò tó ń retí ọkọ̀. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ti jáde láti yàrá, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa bá pàdé.

"Wọ́dà, ṣílẹ̀kùn. Mò ń lọ sílé mi."

Ìyá ló sọ ọmọ náà ní Wọ́dà, nítorí pé iṣẹ́ wọ́dà ni kó máa ti ènìyàn mọ́lé. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó, ó sì ti ṣe é títí irun orí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"Ta ni màámi ẹ? Kò sí wọ́dà nínú ọmọ tí mo bí. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà nílé yẹn. Ẹ tún máa ṣubú."

"Kí n ṣubú! Orí ilẹ̀ mi ni mo ṣubú sí, mi ò ṣubú sórí ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo."

Wọ́n á fà á títí tíì á fi tutù. Lẹ́yìn náà ìyá á jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán pátápátá, á ní búrẹ́dì náà gbẹ bí igi, á sì ní kí wọ́n fi òmíràn kún un.

Aránṣọ ni ìyá yìí nígbà tí okun wà nínú rẹ̀. Ó rán aṣọ fún ọmọge, ó rán fún ìyàwó, ó rán fún òkú. Bí wọ́n bá gbé aṣọ tí ẹlòmíràn rán fún un, kì í wo ojú rẹ̀. Á kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta, á fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti òkè dé ìṣẹ́tí, á wá ní, "Ti aráyé ni ojú aṣọ. Inú ẹ̀ ni télọ̀ wà." Kò sí télọ̀ tó yege lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gan-an kò yege. Ìdí tó fi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn: ó rò pé ìbínú àwọn aláìsàn kò lè tó ti ìyá òun nídìí máṣíìnì.

Ilé kékeré kan wà tí ìyá ń dá gbé. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tí í ṣe bíríkìlà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n fún un. Ibẹ̀ ló ṣubú sí lọ́dún tó kọjá, nínú ilé ìdáná, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹni tó ń kọjá lọ fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọ gbé e wá sílé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bí Bíríkìlà nínú nìyẹn.

"O ò lè jí ìyá gbé kó o wá máa pè é ní ìtọ́jú," ó sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ẹkún ilé ni wọ́n ń sun sí mi létí. Tí oṣù yìí bá parí tí wọn ò tíì farabalẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mi."

"Ẹ̀gbọ́n, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé."

"Ṣé àtẹ̀gùn máa ń jẹ èèyàn ni?"

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ ilé náà. Bíríkìlà máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Arúgbó á dá wà lókè látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àtẹ̀gùn tó dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ á sì dojú kọ ilẹ̀kùn. Ó ti gba irú wọn rí ní wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú egungun ìbàdí tó ti dá, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì padà sílé mọ́. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá lóṣù yẹn: kí ìyá rẹ̀ farabalẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fi í sílẹ̀ fún un.

Bí Nọ́ọ̀sì bá lọ síbi iṣẹ́, Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ilé náà ló ń bá a mójú tó ìyá. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń mú ìyá jáde, wọ́n sì ti gbé àga kan sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá ti lè rí gbogbo orí tó ń wọlé.

"Ṣé irun lo dì fún ọmọ yẹn ni, àbí ìtẹ́ ẹyẹ lo gbé lé e lórí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé oníbàárà mi lọ."

"Èmi kọ́ ló máa lé e lọ. Dígí ni."

Oníbàárà tó wà níwájú dígí á rẹ́rìn-ín, Onídìrí náà á rẹ́rìn-ín, ìyá á fajú ro kó má baà rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé èébú yẹn ni wọ́n ń wá gbọ́, irun kàn jẹ́ àwáwí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oṣù ti ń lọ sópin, Nọ́ọ̀sì jáde láti yàrá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá wà lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Màámi, ẹ káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ìyá wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣeun."

"Ṣé ẹ ò ní béèrè kọ́kọ́rọ́ lónìí ni?"

"Ibí náà dára."

Nọ́ọ̀sì di irin ibùsùn mú. Láti ọjọ́ tí ìyá yìí ti bí i, kò fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. Ta ní ń kí ọmọ tó bí bí ẹni ń kí àgbà? Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kó ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Ó ní bóyá ìyá ń fi òun ṣeré. Ó tún ní bóyá ìyá ń bẹ òun lọ́nà àgbà ni, nítorí àgbà tó bá ọmọ rẹ̀ jà kì í gba ẹnu ọ̀nà wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé.

Ó gbé oúnjẹ wá. Ìyá gba ṣíbí díẹ̀, ó ní òun ti yó, ó dúpẹ́, ó tún kọjú sí ògiri. Kò bú búrẹ́dì.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́," Nọ́ọ̀sì wí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Ó sì ti í láìfi kọ́kọ́rọ́ há a, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní wọ́ọ̀dù, ó bá àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké wí lórí bàbá kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì igun. Bàbá náà máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu irin bẹ́ẹ̀dì bó bá fẹ́ pe ènìyàn, tọ̀sán tòru. Láti àná kò lù ú mọ́, inú gbogbo wọn sì ń dùn.

"Ara wọn ò gbóná, mà," ọ̀kan nínú wọn wí. "Wọn ò húkọ́. A ti wọ̀n ọ́n."

"Mi ò bi ọ́ nípa ìgbóná ara. Kí ni bàbá yìí máa ń ṣe tí wọn ò ṣe mọ́?"

Ọ̀kan nínú wọn ń wá a nínú fáìlì.

"Ẹ gbọ́. Tí àrùn bá wọ ara ọ̀dọ́, ara á bá a jà. Á gbóná, á gbọ̀n, á húkọ́, gbogbo ilé á mọ̀. Ara arúgbó tó ti gbẹ lè má lágbára ìjà yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ẹni tó ń rìn ṣubú. Ẹni tó ń jẹun kọ oúnjẹ. Ẹni tí orí ẹ̀ pé lánàá ń pe ìyàwó ẹ̀ ní bùrọ̀dá. Ẹni tó ń pariwo dákẹ́. Ẹ má fi wọ́n wé ara yín, ẹ fi wọ́n wé bí wọ́n ṣe wà lánàá. Ó yá, ẹ lọ pe dókítà."

Wọ́n pe dókítà, wọ́n yẹ ìtọ̀ bàbá náà wò, wọ́n bá àrùn níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nọ́ọ̀sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé ìyá òun ti dákẹ́. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Onídìrí pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, Màmá ò bú mi látàárọ̀ o! Mo sáré lọ wo dígí, mo rò pé mo ti kú ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n ti farabalẹ̀. Ṣé mo sọ fún ẹ pé wọ́n máa farabalẹ̀?"

"Wọ́n kàn ń sùn ni. Wọ́n tilẹ̀ tọ̀ sórí àga, wọn ò mọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́."

"Oorun ló wọ̀ wọ́n lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ibí, ṣé wọ́n sùn rí? Ẹrù ni wọ́n ń fi gbogbo òru dì."

"Ìwọ lo mọ̀. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì." Onídìrí ń yọ irun kúrò lára kóòmù. "Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ò dùn."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fẹ́ dìde kúrò lórí ibùsùn, ó yọ̀ wálẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó. Kò kígbe, kò bú ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ní kápẹ́ẹ̀tì ló fà á, ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ ọ̀sán wà nínú àwo títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ooru ni kò jẹ́ kí ọbẹ̀ wù ú jẹ. Gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló rí àlàyé fún, àlàyé kọ̀ọ̀kan sì dára tó bá dá dúró.

Ìgbà kan wà tí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ó ń tún ìrọ̀rí ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kan ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó tutù. Ó lọ mú tẹmómítà jáde, ó fi sábẹ́ apá ìyá, ó dúró. Kò sí ibà. Ó ti ohun èlò náà padà sínú ike rẹ̀ bí adájọ́ tó ti dájọ́ tán. Kò wo èémí. Kò gbé etí lé àyà. Ìbéèrè tó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò bi ara rẹ̀, nítorí pé ó mọ èsì rẹ̀: ohun tí ìyá yìí máa ń ṣe tí kò ṣe mọ́ ni ohun tí òun ti ń gbàdúrà pé kó dáwọ́ dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni Bíríkìlà dé. Ó ga, sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kò lè bọ́ ọ mọ́. Nọ́ọ̀sì ti wẹ ìyá, ó ti wọ aṣọ mímọ́ fún un, ó ti fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn lórí àga pálọ̀. Bíríkìlà wo ẹnu ọ̀nà kó tó wo ìyá.

"Ẹrù wọn dà?"

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò béèrè ẹ̀ mọ́."

Ó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Màmá, èmi ni o."

"Ẹ káàbọ̀."

"Ṣé ẹ̀ ń jẹun dáadáa?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé Wọ́dà ò fìyà jẹ yín?" Ó ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀.

"Rárá o. Wọ́n ń tọ́jú wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Bíríkìlà dìde díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ìjà ni mo gbára dì fún láti ilé," ó wí. "Mo ti ro gbogbo ohun tí màá sọ sí ọ. Ó dáa, mo gbé e mì. Ìyàwó mi náà ti ń kùn pé ta ló máa dúró tì wọ́n lókè yẹn. Tí ibí bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n máa gbé ibí. Ọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì ti ń fi gbogbo oṣù retí nìyẹn. Ó jókòó.

"Ìyàwó mi ní kí n mú èyí wá fún wọn." Bíríkìlà fa gáùn kan yọ nínú ọ̀rá. "Télọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló rán an. Wo ọwọ́ ẹ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Mo sọ fún un pé Màmá máa jù ú lù mí lórí. Ó ní kí n ṣáà mú un lọ."

Nọ́ọ̀sì gba gáùn náà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ń wọ́ bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan ìyá, àwọn méjèèjì sì dúró de èébú, bí ọmọ iléèwé tó gbé iṣẹ́ tó mọ̀ pé kò dára lọ bá olùkọ́.

Ìyá wo gáùn náà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ náà sì dúró síbi tó gbé e lé. Kò yí inú rẹ̀ síta. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò wá ojú rírán.

"Ó rẹwà," ó wí. "Ẹ ṣeun. Ó rẹwà gan-an."

Bíríkìlà pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ìyá mi! Ayé ti yí padà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá farabalẹ̀ lè gba ilé tí kò fẹ́, ó lè gba oúnjẹ tí kò wù ú, ó lè dárí ji ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ìfarabalẹ̀ wo ló máa sọ aránṣọ yìí di ẹni tí kò mọ aṣọ burúkú? Ẹni tó ń bá òun jà láràárọ̀ kò gbà fún òun. Ó ti kúrò nínú ilé ni, láti ọjọ́ mélòó kan, òun sì ń kí àga rẹ̀ kú àárọ̀.

Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó sì mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ á di òfo. Á ní, "Ìwọ tó o ní o lè tọ́jú wọn." Á gbé ìyá lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á sì jàre ẹjọ́ náà. Ṣé kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun kó máa lọ ná? Bó bá ti lọ, á pe dókítà. Ìwọ̀nba àsìkò tí ènìyàn fi ń jẹun, kí ló fẹ́ bàjẹ́?

Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ. Ó gbé àwo síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bu omi fún un. Bíríkìlà ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa oníṣẹ́ kan tó po sìmẹ́ńtì bí ẹni po ẹ̀kọ ọmọdé, Nọ́ọ̀sì ń dá a lóhùn níbi tó yẹ, ojú rẹ̀ sì wà lára àyà ìyá rẹ̀. Àyà náà ń sáré. Ó ń lọ sókè sódò kíákíá, kò jinlẹ̀, bí ti ẹyẹ tí wọ́n há sọ́wọ́. Bó bá ti mí, awọ ọrùn á wọnú lókè egungun. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Kì í ṣe ohun tó fara pamọ́. Ẹni tó bá dúró sójú fèrèsé lásán lè rí i.

Bíríkìlà kò tíì jẹun débì kan nígbà tí Nọ́ọ̀sì sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ gbé wọn. Ọsibítù là ń lọ."

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń sinmi ni?"

"Wọn ò sinmi. Wọ́n ń kú lọ."

Bíríkìlà fọwọ́ kan iwájú orí ìyá. "Ara wọn ò gbóná. Ó tutù pàápàá."

"Kò ní gbóná. Ẹ gbé wọn!"

Ó gbé e. Búlọ́ọ̀kù ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ṣi ẹrù gbé, nítorí ìyá rẹ̀ fúyẹ́ ju bó ti rò lọ. Onídìrí rí wọn, ó ju kóòmù sílẹ̀, ó sáré bọ́ sójú títì, ó dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí Bíríkìlà ń tẹ́ ìyá sórí àga ọkọ̀, ìyá wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó wí.

Onídìrí gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Òtútù àyà ni. Dókítà gbọ́ ọ bó ti gbé ohun tó fi ń gbọ́ èémí lé e lẹ́yìn, àwòrán tí ẹ̀rọ yà sì jẹ́rìí sí i. Àrùn náà ti gba ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kan, ó ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, omi sì ti gbẹ nínú ara rẹ̀.

"Wọn ò húkọ́ rárá?"

"Rárá."

"Ibà ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ìgbà wo gan-an ni wọ́n yí padà? Mo nílò rẹ̀."

Bíríkìlà dúró lẹ́yìn wọn, ó ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé àná ni. Kò sẹ́ni tó máa já a.

"Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọn ò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́," ó wí. "Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin. Mo rí i. Inú mi dùn sí i."

Dókítà kò gbójú sókè. "Báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀? Kí n lè mọ ibi tá à ń gbìyànjú láti dá wọn padà sí."

"Wọ́n máa ń bú mi. Wọ́n ní wọ́dà ni mí, wọ́n ní búrẹ́dì mi gbẹ bí igi, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n máa ń fi orí àwọn oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Tí ẹ bá gbé aṣọ fún wọn, inú ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, wọ́n á sì sọ fún yín pé oníjìbìtì ni télọ̀ yín." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá wọn padà sí."

Nígbà tí wọ́n ti ìyá wọlé lọ, Bíríkìlà dojú kọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ. Nọ́ọ̀sì àwọn arúgbó."

"Ẹ sọ ọ́."

"O wẹ̀ wọ́n, o wọṣọ fún wọn, o gbé wọn kalẹ̀ bí ọjà kí n lè rà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bíríkìlà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó fi pàtẹ́wọ́ sórí orúnkún, ó ń wò wọ́n.

Wọ́n fa omi sí ìyá lára, wọ́n fún un ní oògùn nínú iṣan. Òru àkọ́kọ́ le. Lẹ́yìn náà èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ètè rẹ̀ padà sí àwọ̀ rẹ̀, ó ń gba omi ẹran lẹ́nu. Dókítà ní àyà ti ń mọ́. "Orí ni mi ò lè ṣèlérí," ó wí. "Ti ẹlòmíràn máa ń padà díẹ̀díẹ̀. Ti ẹlòmíràn, ibi tó dúró sí náà nìyẹn." Nọ́ọ̀sì mi orí. Òun náà ti sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà, ó sì máa ń yára sọ ọ́ torí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Bó bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lójúmọ́, ó máa ń wá jókòó tì í. Ó ń wá ìjà.

"Màámi, búrẹ́dì yìí gbẹ bí igi."

"Kò burú."

"Mi ò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́ o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Onídìrí náà wá. Ó ti di irun orí ara rẹ̀ ní ìdìkudì, apá kan dúró ṣánṣán, apá kejì sùn. Ó tẹ orí bá níwájú bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ bú mi. Ẹ má dá mi sí."

Ìyá gbé ọwọ́ lé irun náà, ó rọra fọwọ́ pa á. "Ó rẹwà," ó wí.

Onídìrí ní òun gbàgbé nǹkan síta. Ó pẹ́ kó tó padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé, Bíríkìlà wá pẹ̀lú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ fẹ́ lọ? Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì àbí ọ̀dọ̀ mi?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá ní."

Ó dìde, ó sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. "Máa gbé wọn lọ sílé ẹ. Nílé tèmi, kò sẹ́ni tó máa wo àyà wọn. À bá ti sin wọ́n. Mi ò ní jà mọ́ láé."

"Rárá," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Rárá kí ni?"

"Ilé wọn ni wọ́n fẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, wọ́n sọ fún ẹ̀yin náà lórí fóònù. Ìgbà tí orí wọn pé ni wọ́n sọ ọ́. Mo ń bá wọn lọ síbẹ̀, màá máa gbé ibẹ̀."

"Ó jìnnà síbi iṣẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

"Àbúrò mi, wọn ò ní mọ̀ pé ilé wọn ni."

"Àwa máa mọ̀."

Àgádágodo ti dípẹtà, Bíríkìlà fi epo sí i kó tó ṣí. Eruku ti bo gbogbo nǹkan. Máṣíìnì wà lábẹ́ aṣọ tí ìyá fi bò ó, àga rẹ̀ wà lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù fún ẹni tó ń rán aṣọ. Wọ́n nu àga náà, wọ́n gbé ìyá jókòó. Àwọn méjèèjì dúró síwájú rẹ̀. Ìyá wo ògiri, ó wo àjà, ó wo máṣíìnì. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, jẹ́jẹ́, bí àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Ilé yìí dára o," ó wí. "Ilé ta ni?"

Bíríkìlà gbé ọwọ́ lé ògiri tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ó gba ilé ìdáná jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ń tú okùn bàtà ìyá rẹ̀. "Ilé yín ni, Màámi."

"Rárá o, ẹ má bínú," ni ìyá wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "A ò ní pẹ́ rárá. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé."

Nọ́ọ̀sì ní òun á bá a dúpẹ́. Ó to bàtà sábẹ́ àga, ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ọn. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè, tó ń lọ sódò.